Bí Ìbídùnní Ṣe Wọn Odò Àyún

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹnjinía tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá sí ilé-iṣẹ́ ojú ọ̀nà àgbègbè wa, kí n má baà máa pariwo. Ẹ ní kí n mú yín wọ Igbó Òkìtì lọ́la, mo sì ti gbà. Ṣùgbọ́n kí a tó lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ ìrìn kan fún yín, èyí tí èmi àti ọ̀kan nínú irú yín jọ rìn ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn. Èmi ni Ọdẹ́rìndé ọmọ Ọláòṣebìkan, ọmọ bíbí Òkè-Àyún. Ọdún mẹ́tàdínlógójì ni mo ti fi ṣọdẹ. Mo ti pa ẹfọ̀n mẹ́rìndínlógún. Mo pàdé ẹkùn lójú ọ̀nà tóóró, òun ló yà fún mi. Èmi àti òjòlá ti jọ sùn sórí ẹ̀ka igi kan náà rí, nígbà tí ilẹ̀ mọ́, a wo ara wa, kálukú sì bá tirẹ̀ lọ. Mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀ kì í ṣe ẹni tí ẹ̀rù máa ń bà. Bí ẹ bá sì tẹ́tí dáadáa, ẹ ó ṣàkíyèsí pé n kì í béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. N ó sọ ìdí rẹ̀ bó bá yá.

Ní ọdún náà, kò sí afárá lórí Odò Àyún. Ọkọ̀ ojú omi ni a fi ń kọjá, bí òjò bá sì ti ń rọ̀ gidi, omi náà kì í gba ọkọ̀ mọ́. Ní ọdún kẹta ṣáájú ìrìn náà, àbúrò mi obìnrin, Wúràọlá, rọbí nínú oṣù kẹsàn-án, wọ́n sì gbé e sínú ọkọ̀ kí ó lè dé ilé ìwòsàn tó wà ní òdì kejì. Ọkọ̀ náà dojú dé. A rí òkú rẹ̀ ní ọjọ́ kẹta. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà sí ìjọba. A kọ ọ́ fún ọdún méjì kí wọ́n tó fèsì pé afárá kan ṣoṣo ni àwọn máa kọ́ ní àgbègbè wa, ìlú tí ìwé ìwọ̀n odò rẹ̀ bá sì kọ́kọ́ dé kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀ ni yóò ni ín. Ìlú mẹ́ta ló ń du ú.

Ọ̀gá àwọn ẹnjinía, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Fákúnlé, ló yẹ kó wá fúnra rẹ̀. Alùpùpù gbé e ṣubú, ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́ síbi méjì. Orí ibùsùn ló wà tó fi kọ ọ́ sínú ìwé pé orí àpáta pẹrẹsẹ tó wà létí odò nínú Igbó Òkìtì ni kí a gbé afárá náà lé, nítorí gbogbo ayé ló mọ̀ pé àpáta náà tóbi. Ó wá rán ẹni tó kéré jù lábẹ́ rẹ̀ pé kó lọ wọ̀n ọ́n. Ìbídùnní Aláyàándé ni orúkọ ọmọbìnrin náà, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, oṣù méje péré ló ti lò lẹ́nu iṣẹ́.

Mo wà ní ààfin baálẹ̀ nígbà tó dé. Ó kúnlẹ̀, ó kí gbogbo wa. Baálẹ̀ wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹlòmíràn ń bọ̀, kò rí ẹnì kan.

“Ọmọ mi, ṣé ìwọ nìkan ni wọ́n rán?”

“Èmi nìkan ni, sà. Ẹsẹ̀ ọ̀gá mi ṣẹ́.”

“Ṣé o lè ṣe é?”

“Mo rò pé, bóyá tí gbogbo nǹkan bá lọ bó ṣe yẹ, mo lè gbìyànjú rẹ̀ wò, sà.”

Ìyálóde mí kanlẹ̀. Ó ní, “Àwọn ìlú méjì tó kù, wọn ò ní gbìyànjú wò. Wọ́n á ṣe é ni.” Mo dìde, mo ní èmi ni n ó mú un wọ igbó, nítorí bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ ohun tó ń ṣe, èmi mọ ọ̀nà.

Lójú ọ̀nà ó ń ka ìgbésẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ ahọ́n, ó ń kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan bí a bá ti sinmi. Níbi ìsinmi kejì ni mo sọ fún un pé ẹnu rẹ̀ ń ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́, pé “bóyá” ti pọ̀ jù níbẹ̀. Kò bínú. Ó sọ fún mi pé ní oṣù kẹta òun lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n gbé àwòrán afárá kékeré kan fún òun kí òun tún ìṣirò rẹ̀ wò. Ó rí i pé irin tí wọ́n kọ síbẹ̀ kò tó. Ó ṣírò ó lẹ́ẹ̀mẹta, ìdáhùn kan náà ló ń rí. Ṣùgbọ́n ẹni tó ya àwòrán náà ti lo ogún ọdún lẹ́nu iṣẹ́, ó wá rò pé òun lòun ṣì í. Ó dákẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí wọ́n ṣí i ni afárá náà wó lábẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù, awakọ̀ rẹ̀ sì pàdánù apá kan.

“Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé mo ti rí i, Bàbá,” ó ní. “Èmi nìkan ni mo mọ̀. Láti ọjọ́ náà, tí mo bá fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹ̀rù máa ń bà mí pé mo lè ṣì í, ẹ̀rù sì tún máa ń bà mí pé mo lè má ṣì í.”

Mo sọ ìtàn ẹfọ̀n kẹsàn-án tí mo pa fún un.

Lẹ́yìn ọ̀sán ọjọ́ kìn-ín-ní náà ni a bá Elétí-Ẹní pàdé. Ẹ̀yin kò mọ̀ ọ́n, ẹ kò sì ní fẹ́ mọ̀ ọ́n. Ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀pá ìbọn, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ méjèèjì fẹ̀ tó ẹní ìsùn, wọ́n tẹ́ sílẹ̀ dí ojú ọ̀nà, èèrà ń rìn lórí wọn. Ẹni tí òun kò bá gbọ́ ohùn rẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀, inú etí ló máa ń ká a sí. Etí òsì ti ká dé ìdajì, mo sì rí ẹsẹ̀ ènìyàn mẹ́ta tó yọ níbẹ̀. Ọ̀kan wọ bàtà àwọn awọnlẹ̀. Mo gbọ́ tí ẹni náà ń sọ nínú ibẹ̀ lọ́hùn-ún pé, “Ó dà bí ẹni pé, ó dà bí ẹni pé.”

Mo ki ara mi fún un láti orí baba mi dé orí baba ńlá mi. Ó yán. “Ìwọ, mo gbọ́ ọ. Ẹni kejì ńkọ́?”

Ìbídùnní kúnlẹ̀. “Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo rò pé a fẹ́ kọjá, bóyá tí kò bá ní yọ yín lẹ́nu.”

“Mo rí i tí ètè rẹ̀ ń mì,” ni Elétí-Ẹní sọ fún mi. “Kò sí nǹkan tó jáde.”

Mo ní kó pariwo. Ó pariwo títí ọ̀bọ fi sá kúrò lórí igi. Ẹ̀dá náà mi orí. Ó ní, “Kì í ṣe ariwo ni mo ń gbọ́. Ọ̀rọ̀ tí ẹni tó sọ ọ́ bá dúró lé lórí ni mo ń gbọ́.” Etí ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbéra nílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bọ̀ wá sọ́dọ̀ ọmọbìnrin náà. Èmi ti gbé ìbọn sókè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo mọ̀ pé ọta kì í wọ̀ ọ́. Ìbídùnní jókòó sílẹ̀. Ó ṣí ìwé rẹ̀, ó wo ojú ewé náà fún ìgbà díẹ̀, ó wá dìde, kò sì gbé ohùn sókè rárá.

“Láti ẹnu igbó dé ibi tí mo dúró sí yìí jẹ́ ẹgbẹ̀rún méjìlá ìgbésẹ̀ àti mẹ́rìndínlọ́gọ́rin. Èmi ni mo kà á.”

Etí náà dúró. “Tún sọ.”

“Ìgbésẹ̀ mi kan jẹ́ mítà kan ó dín ìdámẹ́rin rẹ̀. Mo wọ̀n ọ́n láàárọ̀ yìí kí a tó kúrò nílé.”

“Sọ òmíràn.”

“Orúkọ mi ni Ìbídùnní. Mo wá wọn odò. A fẹ́ kọjá.”

Ó ká etí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹní tí wọ́n ká lẹ́yìn àlejò, a sì kọjá.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì a bá Alájàpá lábẹ́ igi àràbà. Ojú rẹ̀ mọ́, aṣọ rẹ̀ funfun, kèrègbè tó lé ní igba sì so rọ̀ sórí ẹ̀ka lókè rẹ̀. Àyà àwọn akọni tó ti kú ló wà nínú wọn, ìyẹn ni ọjà tó ń tà.

“Ọdẹ́rìndé,” ó ní, “ó ti pẹ́.”

Ibí yìí ni mo ti máa sọ èyí tí mo ṣèlérí. Nígbà tí mo jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlélógún, ojo ni mí. Bí ẹtu bá rìn lórí ewé gbígbẹ, mo máa ń wá ẹ̀yìn igi. Mo dé ọ̀dọ̀ Alájàpá, ó fún mi ní kèrègbè kan, mo mu ún, àyà ọdẹ kan tí ó ti kú ṣáájú kí wọ́n tó bí mi wọ inú mi. Ohun tó gbà lọ́wọ́ mi ni ìbéèrè. Láti ọjọ́ náà n kò bẹ̀rù mọ́, ẹnu mi kò sì lè béèrè ọ̀rọ̀ mọ́. Mo rò pé mo jèrè. Ọdún kẹrin lẹ́yìn náà, èmi àti Oyèláràn, ọkọ Wúràọlá àkọ́kọ́, gba àbàtà kan kọjá. Ẹ̀gbẹ́ àbàtà náà ni wọ́n ti bí i, ó mọ ibi tó le níbẹ̀ dáadáa. Ká ní mo bi í ni, ì bá sọ. Mo kàn gba iwájú. Ó rò pé mo mọ̀ ọ́n, ó sì tẹ̀ lé mi. Èmi fúyẹ́, mo kọjá. Òun ṣì wà níbẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo lọ sọ fún Wúràọlá.

Alájàpá já kèrègbè kan, ó nà án sí Ìbídùnní. “Ẹnjinía kan tó kọ́ ogójì afárá ló ni àyà yìí. Mu ún, o kò ní sọ ‘bóyá’ mọ́ láyé. Bí o bá wọ yàrá, àwọn àgbà á dákẹ́ fún ọ.”

“Kí lẹ máa gbà, sà?”

“Ohun tí ìwọ fúnra rẹ kò fẹ́. Gbogbo ‘ṣé ó rí bẹ́ẹ̀’ tí kì í jẹ́ kí o sùn.”

Mo ní kó gbà á, pé ó dùn lẹ́nu. Òótọ́ ni mo sọ, ó dùn. Ìbídùnní di kèrègbè náà mú, mo sì rí i pé ó fẹ́ ẹ. Ó wá yíjú sí mi.

“Bàbá, ẹ̀yin náà mu ún. Kí ló ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀?”

Mo sọ ọ̀rọ̀ Oyèláràn fún un gẹ́gẹ́ bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín yìí. Ó kọjú sí Alájàpá. “Ogójì afárá yẹn, mélòó ló ṣì dúró?”

“Kò sí oníbàárà tó bi mí ní ìyẹn rí.”

“Èmi ń bi yín, sà.”

“N kò kà á.”

“Ṣé ó máa ń béèrè bí ilẹ̀ ṣe rí kó tó kọ́ afárá lé e?”

“Kò lè béèrè,” ni Alájàpá wí. “Ó ti tà á fún mi.”

Ìbídùnní fi ọwọ́ méjèèjì dá kèrègbè padà fún un. “Ẹ ṣeun, sà. Èyí tí mo ní, òun ni n ó máa lò.”

Ẹ̀rín kúrò lójú Alájàpá. Ó ní ẹni tó bá fọwọ́ kan ọjà òun tí kò rà gbọ́dọ̀ dáhùn àlọ́ kan kó tó lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ òun á gba ahọ́n rẹ̀. “Ẹ̀rù ń bà á, síbẹ̀ kì í padà sẹ́yìn. Ó máa ń ṣì í, síbẹ̀ ilé rẹ̀ kì í wó. Ta ni?”

“Ẹni tó ń wọn nǹkan lẹ́ẹ̀mejì,” ni Ìbídùnní dáhùn.

Kèrègbè mẹ́fà bọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n fọ́, àyà àwọn òkú tú jáde, wọ́n ń bú ramúramù káàkiri ìdí igi, wọ́n ń wá ara tí wọ́n máa wọ̀. A kúrò níbẹ̀. Ìbídùnní sáré. Èmi kò sáré, mo kàn rìn kíákíá, mo sì ṣíwájú rẹ̀ dé odò kékeré tó wà nísàlẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wo ara yín lójú yìí, mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ìbá mu kèrègbè náà. N kò dá yín lẹ́bi.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta a dé etí Odò Àyún. Àpáta náà tẹ́ lọ bí ojú ọjà, ó dúdú, ó ń dán. Òmìrán kan jókòó sórí rẹ̀, Ajókòó-má-dìde, orúnkún rẹ̀ ga ju òrùlé lọ, ẹyẹ ẹ̀gà sì ti kọ́ ilé sínú irun rẹ̀. Mo gun àpáta náà, mo jókòó sẹ́bàá àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀, mo gbé àpò mi kalẹ̀.

“Ẹ kú ìjókòó, Bàbá,” ni Ìbídùnní wí. “Mo fẹ́ wọn àpáta yín.”

“Wọ̀n ọ́n. Ọ̀ọ́dúnrún ọdún ni mo ti wà lórí rẹ̀, kò mì rí.”

Ìbídùnní mú òòlù kékeré kan jáde, ó ń fi orúnkún rìn, ó ń kan àpáta náà díẹ̀díẹ̀. Kó, kó, kó. Nígbà tó dé apá tó kọjú sí omi, ohùn náà yí padà, ó ń dún bí ẹni ń kan ìkòkò òfìfo. Ó padà síbẹ̀, ó tún un kàn, ó dojú bolẹ̀, ó gbé etí lé e. Ó sọ̀ kalẹ̀ sétí omi, ó ti ọ̀pá irin bọ abẹ́ àpáta náà. Ọ̀pá náà wọlé tán, kò kan nǹkan kan. Ó gé ọparun gígùn, ó so ó mọ́ ọ̀pá náà, ó tún ṣe é níbi kejì, àti ibi kẹta. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Èmi ti ń jẹ ẹ̀bà mi. Mo sọ fún un pé àpáta yìí dára, ọ̀gá rẹ̀ sì ti kọ ọ́ sínú ìwé, kó wọn ìbú odò kí a máa lọ, òjò kò ní dúró dè wá.

Ó la ẹnu, ó tún pa á dé. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé awakọ̀ tó pàdánù apá ni òun ń rò nígbà náà.

“Mo rò pé,” ó bẹ̀rẹ̀. Ó dúró. Ó tún un bẹ̀rẹ̀. “Àpáta yìí kò ní ìdí. Omi ti jẹ abẹ́ rẹ̀. Kò lè gbé afárá.”

Òmìrán náà rẹ́rìn-ín, àwọn ẹ̀gà fò kúrò lórí rẹ̀. “Ọmọ ọdún mélòó ni ọ́?”

“Mẹ́rìnlélógún, sà.”

“Àwọn tó bí baba rẹ ti rìn lórí àpáta yìí.”

“Mo gbà bẹ́ẹ̀, sà. Wọn ò wo abẹ́ rẹ̀.”

“Tí o bá purọ́ mọ́ ìjókòó mi, n ó jẹ ọ́.”

Ìbídùnní ṣí ìwé rẹ̀. “Bí ihò náà ṣe tóbi tó, mo lè ṣì í, sà. Pé ihò wà níbẹ̀, mi ò ṣì í. Ọ̀pá mi wọlé ní mítà mẹ́rin níbi mẹ́ta.”

“N ó fẹsẹ̀ kì í mọ́lẹ̀ kí o fojú rí i,” ni òmìrán wí, ó sì ń dìde. Ọ̀ọ́dúnrún ọdún, ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyẹn.

Ìbídùnní ti kúrò létí omi, ó yíjú sí mi. “Bàbá, ẹ sọ̀ kalẹ̀ báyìí. Ẹ gba apá ọ̀tún.”

Ẹ gbọ́ mi dáadáa. N kò bẹ̀rù àpáta náà, nítorí n kò ní ẹ̀rù lára. N kò sì lè bi í ní ohunkóhun. Ohun tó kù fún mi ni kí n wo ojú rẹ̀. Mo wò ó, mo fi ẹ̀bà mi sílẹ̀, mo fò sí apá ọ̀tún. Òmìrán gbé ẹsẹ̀ sókè, ó sọ ọ́ kalẹ̀. Ìdajì àpáta náà ya bí iṣu tí wọ́n bù, ó rì sínú odò pẹ̀lú Ajókòó-má-dìde àti àpò mi, omi sì ta dé orí igi. Ibi tí mo jókòó sí ti di odò.

Nígbà tó yá, orí òmìrán náà yọ lójú omi, ewé odò bò ó lójú. Kò bínú. Ó dà bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. “Níbo wá ni kí n jókòó sí?” ó béèrè.

“Mi ò tíì mọ̀, sà,” ni Ìbídùnní wí. “Ẹ jẹ́ kí n wọ̀n ọ́n ná.” Ó lọ sẹ́yìn igbó, ó bì, ó fi omi ṣan ẹnu, ó sì padà wá múṣẹ́.

Ọjọ́ mẹ́ta ni a lò níbẹ̀. Òmìrán ló ń bá a di orí téèpù mú ní òdì kejì omi, èmi ń gé igbó níwájú. Lápá òkè odò, níbi kan tí ẹ̀gún pọ̀ sí, tí ilẹ̀ rẹ̀ pupa tí kò sì wu ojú rí, ó gbá ọ̀pá irin mọ́lẹ̀ níbi márùn-ún, gbogbo rẹ̀ ló kan àpáta líle ní ìwọ̀n ìlọ́po méjì ìdúró ènìyàn. Ibẹ̀ ló yàn.

Ẹnjinía Fákúnlé gba ìwé náà lórí ibùsùn. Ìka rẹ̀ dúró lójú kan. “Àpáta pẹrẹsẹ ni mo kọ.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Omi ti jẹ abẹ́ rẹ̀. Ìwọ̀n rẹ̀ wà ní ojú ewé kẹta.”

Ó ka ojú ewé kẹta. Ó bi í léèrè ìdí tó fi ṣe ibi márùn-ún, ó dáhùn. Ó bi í léèrè ìbú odò náà, ó dáhùn. Ó wá bi í léèrè ibi tí omi ga dé ní ọdún tí ọkọ̀ gbé aboyún dojú dé.

“Mi ò mọ̀, sà,” ni Ìbídùnní wí. “Mo lè mọ̀ ọ́n. Àmì omi á ṣì wà lára igi. Ẹ fún mi ní ọjọ́ mẹ́fà.”

Mo ń retí pé kó bínú. Ó mú kálàmù, ó fi ìlà pa orúkọ ara rẹ̀ rẹ́ nísàlẹ̀ àwòrán náà, ó kọ ti Ìbídùnní síbẹ̀, ó sì dá ìwé náà padà fún un.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo gbé ìbọn kọ́ èjìká, mo gba ilé tó wọ̀ sí lọ láti mú un wọ igbó. Onílé ní ó ti lọ. Mo tẹ̀ lé ipasẹ̀ rẹ̀ dé ẹnu igbó. Ó wọlé tààrà, àlàfo ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan bá ara dọ́gba, kò sì síbi kan tó ti dúró wẹ̀yìn. N kò tẹ̀ lé e mọ́. Mo jókòó síbẹ̀ díẹ̀, mo padà sílé lọ nu ìbọn mi. Ní ọjọ́ kẹfà tí mo tún lọ jókòó sẹ́nu igbó, ó jáde, ẹrẹ̀ dé ìbàdí rẹ̀, ìwé náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀run ti ṣú, ẹ̀kán òjò àkọ́kọ́ sì bọ́ sí mi lápá. Ó kí mi pé mo kú ìjókòó, ó sì kọjá lọ kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwé náà ṣáájú òjò dé ọ̀dọ̀ ìjọba, ibi tó yàn náà sì ni afárá tí ẹ ó rí lọ́la dúró sí.